Kámẹ́rà yà mí níbi iná pupa ní Old Kent Road, ẹ jọ̀ọ́ kí ni mo máa ṣe?

ỌmọÌbàdàn_SE15 (Sunday, 9:12 alẹ́)

Ẹ káalẹ́ o ẹ̀yin ará ilé. Ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi máa gùn díẹ̀, ọkàn mi ò balẹ̀ rárá ni. Iṣẹ́ kẹ́ẹ̀ ni mò ń ṣe, mọ́tò mi ni mo fi ń lọ láti ilé arúgbó kan sí òmíràn, nígbà míì ilé mẹ́jọ lóru ọjọ́ kan. Ní ọjọ́ mẹ́wàá sẹ́yìn mò ń ti iṣẹ́ alẹ́ bọ̀, aago mẹ́fà àárọ̀ ò tíì lù, òjò ń ṣẹ́ winniwinni, mo dé oríta kan ní Old Kent Road ní London, iná di yẹ́lò, mo ní jẹ́ n tètè kọjá, mo bá tẹ tọ́tù, kí táyà iwájú tó dé ìlà funfun yẹn iná ti pupa. Mo wá rí i tí nǹkan kọ mànà lẹ́yìn mi lẹ́ẹ̀mejì. Ṣe ló dà bíi pé wọ́n da omi tútù lé mi lórí. Kò sí ẹnì kankan lójú títì o, kò sí mọ́tò kankan tó ń bọ̀.

Lẹ́tà ti dé lánàá. Ọlọ́pàá ló kọ ọ́, Notice of Intended Prosecution (ìkìlọ̀ pé wọ́n lè pè mí lẹ́jọ́) ló wà lórí ẹ̀, wọ́n ní kí n sọ ẹni tó wà nídìí ọkọ̀ láàárín ọjọ́ 28. Ohun tó ń já mi láyà ni pé ọdún tó kọjá ni mo yege tẹ́ẹ̀sì níbí, mo sì ti ní póìntì 3 (àmì ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n ń kọ sí láísẹ́ǹsì) tẹ́lẹ̀ torí eré sísá. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi wa mọ́tò nílé kí n tó wá síbí! Tí láísẹ́ǹsì bá lọ, iṣẹ́ lọ nìyẹn, ìwé tí mo fi wà nílùú yìí sì so mọ́ iṣẹ́ náà. Ẹnì kan níbi iṣẹ́ ní kí n kọ orúkọ àǹtí mi tó wá kí mi ní December tó ti padà sí Ìbàdàn. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn, mi ò tíì rí oorun sùn.

Bàbá_Minicab (Sunday, 9:40 alẹ́)

Àbúrò mi, pẹ̀lẹ́. Ọdún 19 rèé tí mo ti ń fi mọ́tò jẹun nílùú yìí, mo sì ti gba irú lẹ́tà yẹn rí. Ohun tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ọ yẹn kì í ṣe fáìnì o, ìbéèrè ni. Wọ́n fẹ́ mọ ẹni tó wa ọkọ̀, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Tó o bá ti dá wọn lóhùn ni wọ́n máa tó sọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe. Wọ́n lè ní kó o wá ṣe kọ́ọ̀sì lórí ìwakọ̀, wọ́n lè ní kó o san £100 kí wọ́n sì fún ọ ní póìntì 3, wọ́n sì lè gbé e lọ kóòtù. Tó bá dé kóòtù, fáìnì lè tó £1,000, adájọ́ sì lágbára láti ní kó o má wa mọ́tò fún ìgbà kan. Nítorí náà má jẹ́ kó débẹ̀.

Má fi wé tíkẹ́ẹ̀tì káńsù o. Tó o bá dúró sínú àpótí yẹ́lò ní oríta, tàbí o gba ojú ọ̀nà bọ́ọ̀sì, owó nìkan ni ìyẹn, kò ní póìntì, tó o bá sì tètè san án láàárín ọjọ́ 14 ìdajì ni wọ́n máa gbà. Iná pupa yàtọ̀ pátápátá, ẹ̀ṣẹ̀ ni lójú òfin. Kóòdù TS10 ni wọ́n máa kọ sí láísẹ́ǹsì rẹ, ọdún 4 ló máa lò níbẹ̀, ìnṣọ́ránsì á sì máa bi ọ́ nípa ẹ̀ fún ọdún 5.

Ibi tó dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ rẹ ni tẹ́ẹ̀sì ọdún tó kọjá yẹn. Òfin kan wà láti ọdún 1995, ẹnikẹ́ni tó bá gba póìntì 6 láàárín ọdún 2 tó yege tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ níbí, wọ́n máa gba láísẹ́ǹsì ẹ̀ ni, á tún padà lọ gba ti akẹ́kọ̀ọ́, á tún tíọ́rì ṣe, á tún tẹ́ẹ̀sì ojú títì ṣe. Àwa tá a ti wa mọ́tò fún ọdún gbọọrọ nílé kì í fi sọ́kàn pé lójú ìjọba ibí, awakọ̀ tuntun ni wá. Láísẹ́ǹsì Nàìjíríà, oṣù 12 péré ló fi ń ṣiṣẹ́ níbí, kò sì sí pé èèyàn máa kàn lọ pààrọ̀ ẹ̀, tẹ́ẹ̀sì ni. Nítorí náà 3 tó o ti ní pẹ̀lú 3 míì, 6 nìyẹn. Kọ́ọ̀sì ni kó o máa gbàdúrà fún, torí kọ́ọ̀sì ò ní póìntì.

Ọmọ_Mushin_Original (Sunday, 10:05 alẹ́)

Àǹtí ẹ kọ orúkọ àǹtí yín jàre. Wọn ò lè torí iná pupa wọ báàlú wá sí Ìbàdàn. Kọ́sìn mi fẹ́ ṣe irú ẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, orúkọ bọ̀dá ẹ̀ tó wà ní Abẹ́òkúta ló fẹ́ kọ. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣe é.

Ìyá_Lọ́fíìsì_Lọ́yà (Sunday, 10:11 alẹ́)

Ẹ má dá a lóhùn o! Ẹ má ṣe é! Ọ́fíìsì lọ́yà ni mo ti ń ṣiṣẹ́, mo sì ti jókòó ti àwọn tí wọ́n gba irú ìmọ̀ràn yìí tí wọ́n ń sunkún bí ọmọdé.

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé ẹ̀ dáadáa. Iná pupa tí ẹ gbà kọjá, £100 àti póìntì 3 ni. Irọ́ tí ẹ bá kọ sínú fọ́ọ̀mù yẹn, ẹ̀wọ̀n ni. Perverting the course of justice (yíyí ìdájọ́ po) ni orúkọ ẹ̀, wọn ò sì mọ olówó yàtọ̀ sí tálákà nídìí ẹ̀. Chris Huhne, mínísítà ìjọba ni, ìyàwó ẹ̀ ló bá a gba póìntì eré sísá ọdún 2003, ọdún 2013 ni ọ̀rọ̀ náà tó já, àwọn méjèèjì gba oṣù mẹ́jọ mẹ́jọ. Ẹ wò ó, ọdún mẹ́wàá! Àwọn àgbà ní bí irọ́ lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Fiona Onasanya náà ńkọ́, tó jẹ́ aṣòfin fún Peterborough, orúkọ tiwa ló ń jẹ́, irọ́ lórí ẹni tó wa mọ́tò ló gbé e dé ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta ní January 2019, kí May ọdún náà tó parí àwọn ará àdúgbò ẹ̀ ti buwọ́ lùwé yọ ọ́ nípò. Lọ́yà lòun fúnra ẹ̀ o.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níbí pẹ̀lú físà ńkọ́? Ẹ̀wọ̀n lórí físà, ẹ rò ó wò.

Àti pé ẹ má rò pé wọn ò ní wádìí. Tẹ́ ẹ bá kọ orúkọ ẹni tó wà lókè òkun, wọ́n lè bèèrè pé ọjọ́ wo ló wọ̀lú, ọjọ́ wo ló jáde, ìnṣọ́ránsì wo ló fi wa mọ́tò yín. Àǹtí tó wá ní December tó ti padà, mọ́tò tí wọ́n yà lọ́sẹ̀ tó kọjá, ta lẹ fẹ́ tàn?

ỌmọÌbàdàn_SE15 (Sunday, 10:20 alẹ́)

Ẹ ṣé mà. Mi ò ní kọ orúkọ ẹnikẹ́ni. Ẹ̀rù ló ń bà mí.

Ìyá_Lọ́fíìsì_Lọ́yà (Sunday, 10:26 alẹ́)

Mo mọ̀, ọmọ mi. Ẹ fi orúkọ yín sí i lọ́la kí ẹ fi ránṣẹ́, ẹ má dúró dìgbà tí ọjọ́ 28 bá kù díẹ̀. Tí ẹ ò bá fèsì rárá, ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀tọ̀ nìyẹn, póìntì 6 ló wà lórí ẹ̀, fáìnì lè tó £1,000. Póìntì 6 lẹ́ẹ̀kan náà fún awakọ̀ tuntun, ẹ mọ ohun tíyẹn túmọ̀ sí.

Ohun kan tún wà tó ń pa àwọn èèyàn wa níhìn-ín ju kámẹ́rà lọ, mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó bá ń ka èyí fetí sí i: ÀDÍRẸ́Ẹ̀SÌ. A máa ń kó láti yàrá kan sí òmíràn, lónìí Peckham, lọ́la Thamesmead, mọ́tò ṣì wà lórúkọ àdírẹ́ẹ̀sì àtijọ́. Lẹ́tà á lọ síbẹ̀, ẹni tó ń gbébẹ̀ á jù ú sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Wọ́n á kọ ìkejì, kò ní sí èsì. Adájọ́ á jókòó, wọ́n á dá ẹjọ́ láìsí ẹ níbẹ̀, ọjọ́ tí ọlọ́pàá bá dá ẹ dúró lẹ máa tó gbọ́ pé ẹ ò ní láísẹ́ǹsì mọ́. Mo mọ arákùnrin kan tí irú ẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí, ọjọ́ ìsọmọlórúkọ ọmọ ẹ̀ ló gbọ́. Tó bá ti ṣẹlẹ̀ sí ẹnì kan níbí, ọjọ́ 21 lẹ ní láti ọjọ́ tẹ́ ẹ bá gbọ́, ẹ lọ búra ní kóòtù májísíréètì pé ẹ ò mọ nǹkan kan nípa ẹjọ́ náà, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Kí ẹ má ṣe fi falẹ̀.

Tíṣà_Mọ́tò_Woolwich (Monday, 7:03 àárọ̀)

Ẹ káàárọ̀. Mo ń kọ́ èèyàn ní mọ́tò, ọ̀pọ̀ nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ló wá láti ilé. Àṣìṣe kan náà ni gbogbo wọn ń ṣe, wọ́n gbà pé yẹ́lò túmọ̀ sí pé ṣe wéré. Yẹ́lò túmọ̀ sí DÚRÓ. Bó ṣe wà nínú ìwé òfin ojú pópó ibí nìyẹn, àfi tó o bá ti kọjá ìlà, tàbí o ti sún mọ́ ọn débi pé tó o bá tẹ bíréèkì ẹni ẹ̀yìn lè wọlé sí ọ lára.

Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀. Yẹ́lò ibí, ìṣẹ́jú àáyá 3 ló máa ń lò. Tó o bá wà lórí eré 30 (máìlì 30 ní wákàtí kan), mítà 40 lo máa rìn láàárín ìṣẹ́jú àáyá 3 yẹn. Láti dúró pátápátá lórí eré 30 tí ilẹ̀ bá gbẹ, mítà 23 ló gbà, 9 kí ẹsẹ̀ rẹ tó kan bíréèkì, 14 kí mọ́tò tó dúró. Torí náà tí yẹ́lò bá tàn tó o ṣì wà ní mítà 30, o lè dúró jẹ́ẹ́, o sì tún lè sá kọjá, o máa rò pé ọwọ́ rẹ ló wà. Lórí 40, mítà 36 ló gbà. Tí òjò bá wá ń rọ̀ bíi ti àǹtí yìí, ẹ sọ gbogbo ẹ̀ di ìlọ́po méjì. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ fún wọn pé tó o bá rí iná tó ti wà ní gírìnì látọ̀ọ́kán, má yọ̀, ó ti pẹ́ níbẹ̀, ó ń mura àtiyí padà ni. Gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́tù, wo dígí ẹ̀yìn, kó o ti mọ ibi tó jẹ́ pé tó o bá ti kọjá ẹ̀ o ò ní dúró mọ́. Tí yẹ́lò bá tàn kó o tó débẹ̀, o ti mọ ohun tó o máa ṣe, o ò ṣẹ̀ṣẹ̀ ní máa ronú.

Pupa pẹ̀lú yẹ́lò tó máa ń tàn pọ̀ kí gírìnì tó dé, ìyẹn náà dúró ni o. Ìṣẹ́jú àáyá 2 ni, ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń gbéra nígbà yẹn.

Ibi tí àpótí àwọn oníkẹ̀kẹ́ bá wà, ìlà méjì lẹ máa rí. Èyí àkọ́kọ́ ni tiwa. Tó bá jẹ́ pé ẹ ti kọjá àkọ́kọ́ kí iná tó pupa, ẹ dúró níbi ìkejì, ẹ má wí pé ó ti bàjẹ́ ná kí n máa lọ.

Houston_Àkànní (Monday, 2:48 ọ̀sán)

Ẹ kú ìjíròrò o. Èmi ń gbé ní Houston ní Texas, àwa ò ní kámẹ́rà iná pupa mọ́ ní Houston, ìjọba ìpínlẹ̀ fòfin dè é lọ́dún 2019, Houston gan-an ti dìbò lé tiwọn lọ lọ́dún 2010. Níbí ọlọ́pàá gan-an ló gbọ́dọ̀ rí ẹ. Àbúrò mi tó wà ní New York ní £ kọ́ ni tiwọn, $50 ni kámẹ́rà máa ń gbà, kò sì ní póìntì, àfi tó bá jẹ́ ọlọ́pàá ló mú ẹ.

Mo wá sí London lọ́dún tó kọjá fún ìnáwó, mo háyà mọ́tò. Níbí ní Texas tí iná bá pupa, o lè yà sí ọ̀tún lẹ́yìn tó o bá ti dúró pátápátá tó o wò yí ká. Mo wá ń ṣe é ní London, mo fẹ́ yà sí òsì lórí iná pupa, ẹ̀gbọ́n mi tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi pariwo ó di ọwọ́ mi mú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ti Amẹ́ríkà lọ kí èèyàn, ẹ rántí o, kò sí ìyẹn níbẹ̀.

Awakọ̀_Ìkejà (Monday, 6:30 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ̀yin ará òkè òkun ẹ kú ìrọ́jú. Nílé níbí ọ̀rọ̀ ẹ̀ yàtọ̀, iná lè wà lórí òpó kó má tàn, Yẹ́lò Fífà á dúró sábẹ́ ẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ funfun, ọwọ́ ẹ̀ lo máa wò. Tí ilẹ̀ bá ti ṣú tán, o dúró síbi iná pupa, danfó tó wà lẹ́yìn ẹ á máa fun fèrè, kọ̀ńdọ́ á ní ṣé o sùn ni. Èmi kì í dá wọn lóhùn. Mo rí ọmọkùnrin kan ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ọlọ́kadà kan ló gbé e, tanker tó ní gírìnì ń bọ̀, ọlọ́kadà ní òun á ráyè. Mi ò ní sọ ìyókù. Bàtà ọmọ náà kan wà lójú títì dìrọ̀lẹ́, àwọn mọ́tò ń yà fún un. Látọjọ́ yẹn tí iná bá pupa láago méjì òru, tí kò sí ajá tó ń kọjá, mo máa dúró.

Ọlọ́mọ_Mẹ́ta_Dagenham (Monday, 8:15 alẹ́)

Ẹ jọ̀ọ́ ìbéèrè lèmi ní. Tí áńbúláǹsì bá wà lẹ́yìn mi tó ń ké, tí iná pupa wà níwájú mi ńkọ́? Ṣé mi ò ní kọjá kí n fún un láyè? Ẹ̀mí èèyàn ni mà.

Tíṣà_Mọ́tò_Woolwich (Monday, 8:31 alẹ́)

Ìbéèrè tó dáa ni mà, ó sì máa ń ṣòro fún èèyàn láti gbà. Ẹ ò gbọ́dọ̀ kọjá. Òfin fún áńbúláǹsì láyè láti gba iná pupa, kò fún ẹ̀yin. Tí kámẹ́rà bá yà yín, ẹ̀bi yín ni. Ẹ fa mọ́tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí àyè bá wà láì kọjá ìlà, ẹ dúró jẹ́ẹ́, awakọ̀ áńbúláǹsì ti kọ́ bó ṣe máa rí ọ̀nà gbà. Tí ẹ bá já sínú oríta lójijì, mọ́tò tó ní gírìnì lè gbá yín, áńbúláǹsì yẹn á wá dúró ti yín, ẹni tó ń lọ gbé á sì wà níbẹ̀.

Bàbá_Minicab (Monday, 10:02 alẹ́)

Àbúrò SE15, tó o bá fẹ́ rí fọ́tò, wọ́n máa ń jẹ́ kéèyàn rí i. Kámẹ́rà yẹn, wáyà ló wà nínú títì, tí iná bá ti pupa tí mọ́tò gun orí ẹ̀ ló máa yà, ó sì máa ń ya méjì, ìkíní níbi ìlà, ìkejì láti fi hàn pé o tẹ̀ síwájú. Wò ó kí ọkàn rẹ lè balẹ̀ pé ìwọ ni.

ỌmọÌbàdàn_SE15 (ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn náà, Saturday, 4:17 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo ní kí n padà wá sọ fún yín torí ẹ ṣe gudugudu méje fún mi.

Mo fi orúkọ mi ránṣẹ́ ní Monday yẹn gan-an. Wọ́n fún mi ní kọ́ọ̀sì! Owó ẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti fáìnì ṣùgbọ́n kò sí póìntì, 3 mi ṣì wà ní 3. Orí kọ̀ǹpútà ni mo ti ṣe é, olùkọ́ ní kí oníkálukú sọ ohun tó ń sá lọ bá lọ́jọ́ tí kámẹ́rà yà á. Nígbà tó kàn mí, mo ní oorun. Mi ò rí nǹkan míì sọ.

Mo wo fọ́tò náà bí Bàbá ṣe wí. Nọ́ńbà mọ́tò mi hàn kedere, iná ẹ̀yìn mi ń dán lórí títì tó tutù, iye ìgbà tí iná ti pupa wà nígun fọ́tò, kò tó ìṣẹ́jú àáyá kan. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ sọ fún yín nìyí. Mo sọ níbí pé kò sí ẹnì kankan lójú títì lọ́jọ́ yẹn. Ó wà. Bàbá àgbà kan dúró sétí títì lápá òsì, ó mú báàgì ṣọ́ọ̀bù dání, ẹsẹ̀ ẹ̀ kan ti wà nílẹ̀ lójú títì. Mi ò rí i nígbà yẹn rárá. Mo gbé fọ́tò yẹn súnmọ́ ojú títí, mo ń wò ó. Irú bàbá tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀ fún ní wákàtí kan ṣáájú ni.

Ìyá_Lọ́fíìsì_Lọ́yà (Saturday, 4:40 ìrọ̀lẹ́)

Ọlọ́run ṣeun, ọmọ mi. Ẹ rọra o, ọdún 2 yẹn ò tíì pé, ọjọ́ tẹ́ ẹ bá ṣẹ̀ ni wọ́n máa ń kà, kì í ṣe ọjọ́ tí lẹ́tà dé.

Ọmọ_Mushin_Original (Saturday, 11:52 alẹ́)

Àǹtí, ẹ má bínú sí ìmọ̀ràn tí mo fún yín lọ́jọ́ yẹn, mi ò mọ̀ pé ẹ̀wọ̀n wà nídìí ẹ̀. Mo ti pe kọ́sìn mi lálẹ́ ọjọ́ tí mo ka ọ̀rọ̀ ìyá, kò tíì fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́, orúkọ ẹ̀ gan-an ló padà kọ. Ó ti kó kúrò ní àdírẹ́ẹ̀sì tó wà lórí ìwé mọ́tò ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ṣé owó ni wọ́n ń gbà láti yí i padà?

Bàbá_Minicab (Sunday, 6:20 àárọ̀)

Ọ̀fẹ́ ni. Ibi ìkànnì ìjọba ni kó ti ṣe é, kó mú ìwé V5C, ìyẹn ìwé mọ́tò ẹ̀, dání torí nọ́ńbà inú ẹ̀ ni wọ́n máa bèèrè. Kó tún yí ti láísẹ́ǹsì náà padà, ọ̀tọ̀ nìyẹn, ọ̀fẹ́ lòun náà. Sọ fún un kó ṣe méjèèjì lónìí.